Ẹran Ni Kí O Kọ́kọ́ Jẹ, Àṣàkẹ́

Àṣàkẹ́ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lẹ́nu oúnjẹ, má gbé oúnjẹ tì. Jẹ ẹja inú ọbẹ̀ náà tán ná, jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí o tó wá kà á. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Èmi bàbá rẹ ni mo ń sọ̀rọ̀. Tíṣà tó fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kan tiwa, ni ó ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, ṣé ẹ fẹ́ bá ọmọ yín jà ni?" Mo ní ìjà kọ́. Lórí fóònù, o kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, wàá ní, "Bàámi, mo ti gbọ́, mo ti gbọ́," wàá rẹ́rìn-ín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì lọ. Ìwé kò ní í jẹ́ kí o já lu ọ̀rọ̀ mi.

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ ìjọba tuntun ní Àbẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn. Gbogbo Ìwàrà ló ti gbọ́, nítorí èmi fúnra mi ni mo ń sọ ọ́ kiri. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ni mo pe Tíṣà jókòó sí. Ohun tí dókítà sọ fún ọ ní Òṣogbo nígbà tí wọ́n yẹ ara rẹ wò kí o tó wọṣẹ́ ni: pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ ti ń gòkè, pé kò tíì di àìsàn, àmọ́ ó ti dé ẹnu ibodè, pé kí o tún oúnjẹ rẹ ṣe, kí o sì padà wá fún àyẹ̀wò mìíràn bí òjò bá dáwọ́ dúró. Ìwọ sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ pé okùn bàtà òun já. Èmi kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àìsàn tó pa ìyá rẹ nìyẹn. Mo mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ òórùn rẹ̀. Èmi ni mo ń wẹ egbò ẹsẹ̀ ìyá rẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí kò san, tí kò san, títí ó fi lọ. Omijé mi ti gbẹ láti ìgbà náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi fi máa ń le. Gba líle rẹ̀ mọ́ra, ọmọ mi.

Nígbà tí o wá kí mi níjọ́sí, mo gún iyán dè ọ́. O dé, ojú rẹ ti wọnú. Mo bi ọ́ pé ta ló lé ọ. O ní kò sẹ́ni tó lé ọ, pé o ń dín oúnjẹ kù bí dókítà ṣe wí ni, pé láti òwúrọ̀, o kò fi nǹkan kan kan ẹnu àfi mínírà tí o rà nínú mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe bu omi sọ́wọ́. Àṣàkẹ́, mo ti rí àgbẹ̀ tó ti oko bọ̀, mo ti rí alágbàṣe tó gé igbó láti àárọ̀, n kò rí ẹni tó gbé òkèlè mì báyẹn rí. Iyán tán, o ní kí n fi kún un. Mo fi kún un, ó tán. Mo wá rí i tí o rọra gbé ẹran ìdí abọ́ rẹ padà sínú ìkòkò, tí o dé e.

"Ẹran ńkọ́?" ni mo bi ọ́.

"Ó di ọ̀la, Bàámi. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ọmọ tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹran, olè ni yóò dà."

"Ṣé o yó?"

"Mo yó o. Àmọ́ ẹnu mi kò tíì gbà pé mo yó."

O rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ìró ṣíbí ní kíṣìnnì. Gaàrí ni o ń pò, pẹ̀lú ṣúgà. Mo jókòó sórí àga mi, òtútù mú mi nínú oòrùn.

Ọjọ́ kejì tí o padà sí Òṣogbo ni mo wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà, sí ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Mo ro ọ̀ràn rẹ fún un, láti orí mínírà títí dé orí gaàrí.

Ó ní, "Bàbá, nínú gbogbo oúnjẹ yẹn, èwo ni ọmọ yín kọ́kọ́ jẹ?"

"Iyán."

"Ẹran ńkọ́?"

"Ó gbé e padà sínú ìkòkò. Ọmọ tí a kọ́ ni."

"Òótọ́ ni, ẹ kọ́ ọwọ́ rẹ̀," ó ní. "Ẹ kò rántí bi inú rẹ̀ léèrè."

Mo fẹ́ bínú. Kí ni ọmọ kékeré ń sọ fún mi nípa bí a ṣe ń kọ́ ọmọ? Ṣùgbọ́n nítorí tìrẹ, mo jókòó. Ó wá ṣàlàyé fún mi, mo sì ní kí ó tún un sọ títí ó fi wọ̀ mí létí, kí n lè sọ ọ́ fún ọ bí ó ti rí.

Ó ní ikùn àti ìfun wa kì í ṣe àpò tí a kàn ń rọ nǹkan sí. Nínú ògiri wọn, àwọn nǹkan wà tó kéré ju ohun tí ojú lè rí, tí wọ́n ń tú oje sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́móònù ni àwọn dókítà ń pè é. Mo ní ẹnu mi kò gba orúkọ yẹn. Ó ní kí n máa pè wọ́n ní ìránṣẹ́, nítorí iṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ́. Ọ̀kan ń ti inú ikùn wá nígbà tí ikùn bá ṣófo. Òun ló ń lọ sọ fún ọpọlọ pé ebi dé. Bí a bá jẹun, á jókòó. Àwọn tó kù wà nínú ìfun, wọ́n ń dúró de oúnjẹ. Bí oúnjẹ bá kàn wọ́n, wọ́n á ránṣẹ́ sókè sí ọpọlọ pé, "Ó tó báyìí." Wọ́n á sì ránṣẹ́ sí ikùn pé, "Rọra máa sọ ẹrù kalẹ̀, má dà á lé wa lórí lẹ́ẹ̀kan."

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ohun tí o ń sọ ni pé nǹkan kan nínú ìfun mi ń bá orí mi sọ̀rọ̀, tí èmi tí mo ni ín kò sì gbọ́?"

"Ẹ ń gbọ́ o, Bàbá. Ìgbà tí ẹ bá ti abọ́ sẹ́yìn tí ẹ ní ẹ yó, àwọn ni ẹ gbọ́ yẹn."

"Tí mi ò bá wá gbọ́ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ẹ kò fún wọn ní ohun tó ń jí wọn, tàbí kẹ̀, ẹ kò dúró dè wọ́n."

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, Àṣàkẹ́. Jẹ́ kí n tò ó fún ọ.

Ìkíní. Ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, irú oúnjẹ tó ń kọ́ ara, àwọn ló ń jí ìránṣẹ́ tó ń sọ pé "ó tó" jù. Wọ́n ń jí wọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n tètè padà sùn. Ìránṣẹ́ ebi pàápàá, ẹran àti ẹ̀wà ló ń mú un jókòó pẹ́ jù. Ẹ̀fọ́ àti èèpo ẹ̀wà, ohun tí kì í dà tán, ń rìn jìnnà dé ìsàlẹ̀ ìfun, ó ń jí àwọn tó wà lọ́hùn-ún. Iyán, ẹ̀bà àti búrẹ́dì ń jí àwọn kan, wọ́n sì ń mú ikùn kún, ṣùgbọ́n bí àwọn nìkan bá ṣíwájú, wọ́n á yára di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ebi á fi padà dé. Nítorí náà, ẹran àti ẹ̀fọ́ ni kí o kọ́kọ́ jẹ, kí iyán tẹ̀ lé wọn. Bí iyán bá dé, yóò bá àwọn ìránṣẹ́ lójúfò, wọ́n á rọ̀ ọ́ pé kó máa wọlé ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Nọ́ọ̀sì ní fún ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ń gòkè bí tìrẹ, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Mo mọ ohun tí wàá sọ. Bàámi ló ń sọ èyí? Bàámi tó fi ìka gbá mi lọ́wọ́ nítorí pé mo fa itan adìyẹ ya kí n tó jẹ òkèlè kan? Èmi náà ni. Jẹ́ kí n sọ ibi tí òfin yẹn ti wá. Ní abà bàbá mi, inú abọ́ kan ni gbogbo àwa ọmọ ti ń jẹun. Ẹran á wà láàárín, díẹ̀ ni, ẹran ìgbẹ́ tí pańpẹ́ mú. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Iyán la ó fi bo ebi, bí iyán bá tán, ẹni tó dàgbà jù á wá pín ẹran náà bí ẹni ń pín oògùn. Bí a bá kọ́kọ́ jẹ ẹran nígbà náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ni yóò jẹ gbogbo rẹ̀, àbúrò á máa sunkún. Ọgbọ́n àwọn tí kò ní tó ni. Ọgbọ́n dáadáa sì ni, fún abọ́ tí ọwọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lò ń jẹun nínú yàrá rẹ ní Òṣogbo. Àbúrò wo lò ń fi ẹran sílẹ̀ dè?

Wo ìyá rẹ náà. O rántí bó ṣe ń jẹun. Á bu tèmi, á bu tiyín, á jókòó sí ẹ̀bá odó, á máa ha ìdí iyán jẹ pẹ̀lú omi ọbẹ̀. Bí mo bá bi í pé ẹran rẹ̀ dà, á ní òun ti jẹ ẹ́ nígbà tí òun ń sè é. Irọ́ ni. Inú abọ́ yín ló máa ń wà. Gbogbo ilé ń yìn ín pé ìyá rere, èmi náà ń yìn ín. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ sọ pé èyí ni ó pa á, pé ohun tó ń fa àtọ̀gbẹ pọ̀, ìran wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Mo gbà. N kò ní sọ ọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé lójú mi, o ti ń jókòó sí ẹ̀bá odó bíi tirẹ̀, kò sì sí ọmọ kankan lẹ́sẹ̀ rẹ tó ń gba ẹran náà jẹ.

Má gbọ́ ọ ní òdì o. Nọ́ọ̀sì kò ní kí o má jẹ iyán mọ́. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti dìde nílẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò jẹ iyán, ṣé kó wá máa fi omi ṣòkèlè ni? Ó ní kí ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ jù ú lọ nínú abọ́, kí ó sì mọ ìdúró rẹ̀ lẹ́yìn ẹran.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ebi tí o ń fi pa ara rẹ. Èmi náà ṣe é rí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, a ń ká kòkó, a ń fọ́ kòkó, mo sì rò pé ẹni tó bá dúró jẹun láàárọ̀ ọ̀lẹ ni. Obì ni mo ń jẹ. Bí ebi bá dé, mo fọ́ awẹ́ obì kan sẹ́nu, ojú mi á là, ebi á sá sẹ́yìn. Mo ń fi ṣe fọ́ńté fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀ nídìí igi. "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ jẹun yín tán kí ẹ wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́!" Ṣùgbọ́n irọ́ ni obì ń pa fún ebi. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, irọ́ á tán, ebi á sì bá mi pẹ̀lú ìbínú. Mo máa ń jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n, wọ́n á ní mo ti jẹ tèmi, mo ti jẹ ti àlejò. Mínírà inú mọ́tò tìrẹ, ẹ̀gbọ́n obì ni. Nọ́ọ̀sì ní ìránṣẹ́ ebi kì í gbàgbé. Bí o bá ń tì í kúrò láti òwúrọ̀, yóò kàn lọ pe ara rẹ̀ jọ ni, ìgbà tó bá fi máa dé nírọ̀lẹ́, kò sí àṣẹ tí ìwọ náà lè pa fún un. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ dókítà náà wà lára ọ̀rọ̀ tí kò lè wọ̀ ọ́.

Jẹun láàárọ̀ kí o tó wọ mọ́tò lọ sí Àbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe búrẹ́dì àti tíì oníṣúgà. Se ẹyin. Ra ọ̀lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sè é dáadáa, kí o sì fi ẹ̀kọ díẹ̀ tì í. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀wà sísè kò jìnnà sí yín níbẹ̀, o ti sọ fún mi rí. Àgbẹ̀ tó jẹ ọ̀lẹ̀ láàárọ̀ kì í wojú oòrùn kiri kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ ni kí o sì máa jẹun, nítorí ìránṣẹ́ ebi mọ àkókò. Bí ó bá mọ ìgbà tí o ń bọ̀, kò ní máa kanlẹ̀kùn nígbà gbogbo.

Tíṣà ní kí n sinmi díẹ̀, ọwọ́ ń ro òun. Ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ó ní òun náà, ẹran ni òun máa ń fi sílẹ̀ dẹ̀yìn láti kékeré, òun ò sì mọ̀ pé ìfun òun ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà náà. Mo ní kó kọ ìyẹn náà sí i. Ó kọ́kọ́ kọ̀, àmọ́ ó ti kọ ọ́.

Ìkẹta, jẹ́ kí oúnjẹ rí eyín rẹ kó tó rí ọ̀fun rẹ. O rántí Bàbá Ọ̀dọ̀fin tó ń dá oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, tó máa ń fún ọ ní ọsàn. Nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́, èmi àti òun fi iyán díje. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀ tán ni akọni. Mo mì í, mo mì í, n kò jẹ́ kí ahọ́n mọ̀ pé nǹkan ń kọjá. Mo jẹ tèmi tán, mo fa tirẹ̀ mọ́ra, mo ní, "Ìyàwó ni ọ́, gbé e wá." Kò sí ohun tó ń ṣe mí, n kò yó rárá. Ìgbà tí mo nàró tán báyìí ni yíyó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé, ó dé bí òjò alátẹ́gùn. Abẹ́ igi kòkó ni mo sùn sí títí ojú ọjọ́ fi tutù. Òun ló ká kòkó mi fún mi, ó sì ń kọrin eébú sí mi láti orí igi dé orí igi. Àṣé àwọn ìránṣẹ́ ò tíì dé orí ni! Nọ́ọ̀sì ní ọ̀nà tí wọ́n ń rìn jìn díẹ̀, pé ẹni tó bá ń sáré jẹun ti jẹ àjẹjù kí wọ́n tó dé. Nítorí náà, bí o bá jẹ abọ́ kan tán tí ẹnu rẹ kò gbà, má bá ẹnu jà, má sì gbọ́ tirẹ̀. Dìde, fọ abọ́ náà, bá ará ilé rẹ tàkúrọ̀sọ. Bí ó bá ṣì jẹ́ ebi lẹ́yìn ìyẹn, padà jẹun. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò ní jẹ́ ebi mọ́.

Ọ̀rọ̀ omi dídùn wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ohun tí a bá mu máa ń sáré kọjá níwájú àwọn ìránṣẹ́ ju ohun tí a bá jẹ lọ, pé mínírà á dé inú ẹ̀jẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ojú wò ó. O mu oúnjẹ odidi, inú rẹ kò sì mọ̀ pé o jẹ nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìyá rẹ fẹ́ràn mínírà bíi tìrẹ. Èmi ni mo máa ń rà á bọ̀ fún un láti ọjà, tí mo bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Omi lásán ni kí o máa mu. Gaàrí oníṣúgà náà, jọ̀ọ́, jẹ́ kí a dágbére fún un.

Epo náà ń jí ìránṣẹ́, kódà ó wà lára ohun tó ń dá oúnjẹ dúró pẹ́ nínú ikùn. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, inú mi dùn, mo ní ọbẹ̀ wa yóò máa léfòó nìyẹn. Nọ́ọ̀sì na ìka sí mi. "Bàbá, n kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Epo wúwo. Ìwọ̀nba tó ń ta sánsán ni, kì í ṣe èyí tí a ó fi wẹ̀." Mo ti sọ fún ọ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ̀gúsí dára, ẹ̀pà dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ kó mọ ìwọ̀n.

Èmi kò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Tíṣà náà kò mọ̀ ọ́n.

Ti tíì tí ọ̀rẹ́ rẹ ń tà ní ọ́fíìsì. O ní ó ń fọ inú, pé ó ti jẹ́ kí ẹnìkan fọn láàárín ìgbà díẹ̀. Mo bi nọ́ọ̀sì. Ó ní kí ni wọ́n fi ṣe é? Mo ní n kò mọ̀. Ó ní òun náà kò mọ̀, ẹni tó ń tà á pàápàá lè má mọ̀. Ó ní irú rẹ̀ tí òun ti rí, ìgbẹ́ gbuuru ló ń fún èèyàn, omi ara ló ń gbọ̀n dànù, kò bá ìránṣẹ́ kankan sọ̀rọ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Má mu ohun tí o kò mọ. Bí dókítà bá ní o nílò oògùn, èyí tí dókítà kọ ni kí o lò. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá bínú, kó máa bínú. Sọ fún un pé bàbá rẹ ní Ìwàrà ni kó wá bá jà.

Àṣàkẹ́, n kò fẹ́ tàn ọ́. Mo bi nọ́ọ̀sì pé bí o bá ṣe gbogbo èyí, ṣé àìsàn náà kò ní mú ọ? Ó ní òun kò lè búra, nítorí ó ti wà nínú ìran ìyá rẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró sí ẹnu ibodè ṣì lè padà sẹ́yìn, òun sì ti rí àwọn tó padà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò búra. Nígbà tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń búra fún mi.

Ohun kan kù tí nọ́ọ̀sì kò sọ, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe gbogbo ebi ló ń ti inú wá. Lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ, ọwọ́ mi kò yé gún iyán ẹni méjì. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń gún ti ẹnìkan. Màá gún un, màá bù ú sí abọ́ méjì, màá jẹ tèmi, màá wo èkejì, màá sì jẹ òun náà. N kì í yó. Kò sí ìránṣẹ́ tó lè pa irú ebi yẹn, bí o tilẹ̀ fi odidi ewúrẹ́ ṣíwájú iyán. Ohun tó gbà mí ni pé mo kó abọ́ mi lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá Ọ̀dọ̀fin, a jọ ń jẹ ẹ́, a jọ ń bú ara wa. Mo mọ̀ pé ìwọ náà ń dá jókòó nínú yàrá yẹn lẹ́yìn iṣẹ́. O kò sọ, mo mọ̀. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí ọ, tí o ní ó ń kí ọ dáadáa, gbé abọ́ rẹ tọ̀ ọ́ lọ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Kó má jẹ́ pé fóònù nìkan lo ń wò lẹ́nu oúnjẹ. Ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ kì í sáré gbé e mì.

Nígbà tí o bá ń lọ fún àyẹ̀wò náà, má dá lọ. Ránṣẹ́ sí mi, màá wá sí Òṣogbo, màá jókòó sí ìta níbẹ̀. Mo ti jókòó sí ìta irú ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, ó mọ́ mi lára.

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn nìyí. Tíṣà ní kí n yọ ọ́, pé ó ti wúwo jù fún ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́. Mo ní kó kọ ọ́.

Mo ti sin ìyá rẹ. Mo bu erùpẹ̀ sí i lára, mo padà sílé, mo sì yè é. N kò mọ bí mo ṣe yè é. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé n kò ní lè yè é lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ ló ń sin bàbá. Iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn, ó ti wà lọ́wọ́ rẹ kí ìjọba tó fún ọ ní ti Àbẹ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí o fi í sílẹ̀ fún mi ṣe. Mo fẹ́ kí irun rẹ ti funfun díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì rìn tẹ̀ lé mi dé ibi tí wọ́n bá gbẹ́. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè irú èèyàn tí mo jẹ́, sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ mi le. Lẹ́yìn náà, kí o padà sílé, kí o jókòó, kí wọ́n bu oúnjẹ fún ọ, kí o sì jẹun yó.

Bàbá rẹ,
Ìwàrà.